Etí Omi Tí Wendell Kò Fẹ́ Dárúkọ

Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Wendell Hardesty fi wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìntì, kò gbàgbé ọmọ kan sínú ọkọ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, kí ó tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, yóò rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, yóò fọwọ́ kan àga kọ̀ọ̀kan, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ẹni tó ń ṣọ́ra ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìyókù.

Ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù láyé ni eyín àkùrákùdà. Kì í ṣe eyín ẹja tó wà láàyè. Eyín tó ti sùn sínú amọ̀ kí ènìyàn tó dáyé ni, tó ti di òkúta, tí omi ńlá Chesapeake ń fọ̀ jáde ní ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ gíga tó nà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣa á bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Wọn kì í jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tà á. Wọ́n á kó o sínú ìgò, wọ́n á tò ó sórí fèrèsé, wọ́n á máa wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Wendell nígbà tí ó rí àkọ́kọ́, dúdú, kò ju èékánná lọ, ní ọjọ́ tí baba rẹ̀ jókòó létí omi tó ń di àwọ̀n tó ya. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti dé etí omi, ojú rẹ̀ kì í gbé òkè mọ́.

Òfin méjì ló wà láàrin àwọn aṣa-eyín. Èkíní wà lára pátákó tí ìjọba rì mọ́lẹ̀: ohun tí omi bá fọ̀ jáde ni kí o mú, má gbẹ́ ògiri. Ògiri náà ga bí ilé alájà mẹ́jọ, amọ̀ àti iyanrìn lásán sì ni. Bí o bá gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ yóò wá bá ọ nílẹ̀. Òfin kejì kò sí lára pátákó kankan, òun gan-an ni wọ́n sì ń pa mọ́ jù: má sọ ibi tí o ti rí i. Bi ọkùnrin ibẹ̀ léèrè iye tó ń gbà lóṣù, yóò sọ fún ọ. Bi í léèrè irú àìsàn tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀, yóò ṣàlàyé. Bi í níbo ló ti rí eyín tó dì mọ́wọ́, yóò wo ojú ọ̀run, yóò ní, "Létí omi."

Kò sí ẹni tó mọ òfin kejì yìí tó Wendell. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ló máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, yóò fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí ó bá ya fọ́tò eyín, yóò gé igi àti òkè kúrò níbẹ̀, kó má baà sí ẹni tí yóò mọ ibi tí ó dúró sí. Bí ó bá ń padà bọ̀, yóò máa fi bàtà nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé kò mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Corinne. Ilé ìdáná ilé-ìwé ló ń bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò bímọ. Fún ogún ọdún, ilé ni Corinne ń wà ní ọjọ́ Àìkú tí ọkọ rẹ̀ bá gbé korobá jáde. Ní ọjọ́ kan ó wọ bàtà rọ́bà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?" Wendell bi í.

"Mò ń tẹ̀ lé ọ ni. Mo ti rò ó títí. Kí n tó lè rí ojú ọkọ mi nínú ayé yìí, àfi kí n di eyín."

Kò tó ọdún mẹ́ta tí ó fi ta ọkọ rẹ̀ yọ. Wendell a máa wá eyín bí ẹni tí ohun iyebíye rẹ̀ sọnù. Corinne a máa rìn bí ẹni tí kò wá nǹkan kan, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó máa ń wọ́ díẹ̀ á máa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú iyanrìn lẹ́yìn rẹ̀, yóò kàn dúró, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò mú un.

Pátákó funfun kékeré kan wà lára fíríìjì wọn. Ẹni tó bá ń jáde yóò kọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé sí i, nítorí ògiri amọ̀ ti pa ènìyàn rí. Wendell ló kọ́ Corinne bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

"Kọ ibòmíràn síbẹ̀," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Russ máa ń yà síbí mu kọfí, aṣa-eyín bíi tiwa sì ni. Ojú rẹ̀ ò fọ́. Ó lè kàwé."

"Tí nǹkan bá wá ṣe mí ńkọ́?"

"Wàá ti sọ tòótọ́ sí mi létí kí o tó jáde. Èmi á mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìgbà díẹ̀. Irọ́ wà lára pátákó, òótọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kan Corinne sọ sí i létí pé òun ti rí ẹnu odò kékeré kan tí eyín ti ń wọ́ jáde. Nígbà tí ó padà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ fún un bí àwo tí ajá lá. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ó kàn ṣíwọ́ sísọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Láti ọjọ́ náà, irọ́ ara pátákó di ti Wendell náà.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àwọn aṣa-eyín ṣe ìpàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé. Wọ́n ní tábìlì kan tí olúkúlùkù ń gbé ohun tó rí lóṣù sí. Corinne tú aṣọ ìnujú kan, ó gbé eyín mẹ́gì kalẹ̀, eyín àkùrákùdà òmìrán tí kálukú wọn ń lá lálàá rẹ̀. Ó gùn ní ínǹṣì márùn-ún ó lé. Àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù ni, ìlà kan tó pọ́n bí irin tó dípẹtà sì là á já ní gbòǹgbò.

Alága ẹgbẹ́ wọn ni Russ Abell, ẹni tó fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún sẹ́yìn!" ó pariwo. "Ẹ má mí sí i lára. Corinne, eyín kọ́ lèyí o. Bàtà ni!"

"Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni," Corinne dá a lóhùn. "Mo ṣì ń wá tòsì."

"Níbo lo ti rí i?"

"Létí omi."

"Etí omi wo?"

"Èyí tó ní omi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Russ wá yíjú sí Wendell, ẹni tó gbé eyín kékeré kan tí ṣóńṣó rẹ̀ ti kán sórí tábìlì.

"Ìwọ ńkọ́, ọ̀gá wa? Áà. Ó dára náà. Fi okùn kékeré kan sí i báyìí, ó di ẹ̀gbà ọrùn ọmọdé." Ó gbá a léjìká. "Wendell, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, máa bá ìyàwó rẹ gbé korobá. Wàá rí nǹkan kọ́."

Wendell rẹ́rìn-ín. Òun ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù nínú yàrá náà.

Nínú mọ́tò, Corinne ní, "Ṣé o ń bínú ni?"

"Kí ni n ó máa bínú sí?"

"Bi mí dáadáa, mà á sọ ibẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n wàá ṣèlérí pé o ò ní ṣe é bíi ti ijọ́sí."

"Mi ò bi ọ́," Wendell ní.

Kò bi í nítorí pé kò nílò ìdáhùn. Ó ti mọ̀. Ojú àwọn aṣa-eyín a máa ka àwọ̀ eyín bí ẹlòmíràn ṣe ń ka àdírẹ́sì lára lẹ́tà. Eyín tó bá wá láti Etí Omi Brandt ní gúúsù a máa pọ́n bíi tíì tó pẹ́ nínú ife. Brandt sì ni Corinne kọ sí pátákó ní gbogbo oṣù náà. Eyín aláwọ̀ eérú tó ní ìlà ìpẹtà, ibì kan ṣoṣo ni ipele amọ̀ tó ń pa irú rẹ̀ mọ́ ti sọ̀kalẹ̀ kan omi: lábẹ́ Àgọ́ Larkspur, ibùdó ìsinmi àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti tì pa láti ọdún pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í lọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí Corinne ti lọ síbi iṣẹ́, Wendell lọ sí Larkspur. Ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ òsì ìyàwó rẹ̀ nínú iyanrìn. Ó wá ilẹ̀ fún wákàtí méjì, kò rí nǹkan gidi, nítorí Corinne ti mú èyí tí omi fọ̀ jáde. Ìyókù ṣì wà nínú ògiri. Ó rí orí wọn tó yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń rí owó lójú fèrèsé ilé onílé.

Ní ọjọ́rú, ó mú díígà ọlọ́wọ́ kúkúrú dání.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí yóò fi ṣíwọ́, ihò náà ti gba orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ méjèèjì. Eyín mẹ́rìnlá ló kó níbẹ̀, ó kó wọn sínú agolo kọfí, ó fi agolo náà pamọ́ sẹ́yìn ọ̀dà ilé níbi ìgbọ́kọ̀sí. Kò lè gbé ọ̀kan nínú wọn lọ síbi ìpàdé, nítorí àwọ̀ wọn. Kò lè fi wọ́n han ẹnikẹ́ni láyé. Síbẹ̀ ó kó wọn. Bí ó bá ti parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, yóò ki igi tí omi wọ́ wá bọ ẹnu ihò náà, yóò fi iyanrìn tútù rẹ́ ẹ, kí Corinne má baà rí i bí ó bá kọjá. Ó ṣe é mọ́ tónítóní. Mo ti sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ra ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò jìn sí i. Ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn. Èmi kò tíì rí i kó ṣẹ.

Ní oṣù kẹta, omi dì fún ọjọ́ mọ́kànlá, òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ méjì lé e lórí. Nígbà tí òjò dá, afẹ́fẹ́ àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi kúrò létí ilẹ̀, iyanrìn tí ojú kì í rí wá yọ síta. Kò sí aṣa-eyín tí kò mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ tó dára tó o, kò sì sí èyí tó burú tó o. Yìnyín tó ti wọ inú àwọn ojú sísán ògiri ti yọ́, amọ̀ ti mu omi yó, ohunkóhun lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni. Corinne kò níṣẹ́. Eyín ẹ̀yìn kan ti ń yọ Wendell lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ kan, dókítà eyín sì ti ní kó wá ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ kí òun yọ ọ́. Corinne ń wọ bàtà, ó ń fi ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta eyín nílé. Ẹ wò ó! Ẹyọ kan ṣoṣo ló fẹ́ pa á."

"Yẹ̀yẹ́ lò ń ṣe. Ṣe é lọ."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́, kí dókítà fún ọ ní èyí tó bá yọ. Gbé e lọ sípàdé. Bóyá Russ máa yìn ọ́."

Ó gbé korobá rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Wendell. Ìwọ lo mọ ògiri yìí jù mí lọ. Ṣé ó dára kí n lọ lónìí?"

Ife kọfí wà lọ́wọ́ Wendell. Ó rí ihò náà lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe jìn tó, bí amọ̀ ṣe wúwo tó lórí rẹ̀. Ó rí i kedere.

"Níbo lò ń lọ?" ó ní.

"Brandt."

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà wò ó. Bí ó bá ní kó má lọ sí Larkspur, Corinne yóò bi í bó ṣe mọ Larkspur.

"Brandt ò burú," Wendell ní. "Má ṣáà sún mọ́ ògiri."

"Ṣé mo máa ń sún mọ́ ọn ni?"

Ó kọ ọ́ sí pátákó: Brandt. Agogo méjì. Ó ní ọbẹ̀ ẹ̀wà wà lórí sítóòfù, kó má jẹ ẹ́ ní gbígbóná bí wọ́n bá yọ eyín rẹ̀ tán. Ó jáde.

Wọ́n yọ eyín náà. Wendell padà délé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú tipiri. Agogo méjì lù. Agogo méjì ààbọ̀ lù. Ó pe fóònù Corinne lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Ó wa mọ́tò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mọ́tò pupa ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ méjì ló wà. Ti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Brandt, ti ọwọ́ òsì lọ sí Larkspur. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà kún fún ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ Corinne sì wà nínú ẹrẹ̀ náà gbangba, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń fà. Ó yà sí òsì.

Wendell dúró, ó ń wò ó. Nígbà tí yóò fi mọ ohun tí òun ń ṣe, bàtà rẹ̀ ti nu ojú ẹsẹ̀ náà rẹ́, gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó rin ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sápá òsì. Orúnkún rẹ̀ kò dára, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó padà, ó pe àwọn panápaná.

Wọ́n dé ní agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Jolene Buckler, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti wọ ọkọ̀ Wendell fún ọdún mẹ́fà. Òun ni ọmọ tó máa ń sọ̀ kẹ́yìn. Wendell kì í gbéra lẹ́nu ọ̀nà wọn àfi tí ó bá rí i pé ìyá rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Russ Abell àti ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà dé tẹ̀ lé wọn, nítorí Russ ní rédíò kan tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn panápaná láti àárọ̀ dalẹ́.

"Mísítà Wendell, ẹ má mikàn, a ti dé," Jolene ní. "Apá ibo ni wọ́n lọ?"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró yí wọn ká. Gbogbo wọn ń wo ẹnu Wendell.

Kí a má sọ pé ìpayà ló bá a. Ìpayà kì í ronú, Wendell sì ronú. Ó ronú pé bóyá ẹsẹ̀ lásán ni Corinne fi rọ́, bóyá yóò yọ sí wọn láìpẹ́, tó ń tiro. Ó ronú nípa ihò náà àti ojú díígà tó wà lára amọ̀. Ó sì ronú pé bí òun bá dárúkọ Larkspur níwájú Russ, kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, ogójì ènìyàn ti dé ibẹ̀. Èyí ló ronú kẹ́yìn. Èyí ló mú un dáhùn.

"Brandt," ó ní. "Ó kọ ọ́ sí pátákó."

Gbogbo wọn sáré gba ọwọ́ ọ̀tún.

Wendell jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá ti dáwọ́ dúró láti agogo mẹ́ta. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí lẹ́bàá omi náà mọ̀ ọ́n. Omi tí afẹ́fẹ́ ti lọ yóò padà.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Russ nìkan ló padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀. Ó fọwọ́ ti mọ́tò náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀, Wendell. Kò débẹ̀ lónìí."

Wendell ń wo ẹrẹ̀ ara itan rẹ̀.

"Eyín tó gbé wá lóṣù kìíní, kì í ṣe ti Brandt. Gbogbo wa la mọ̀. A kàn dákẹ́ ni, bí a ṣe máa ń dákẹ́. Mi ò mọ ibi tó ti wá o, mo ti wá a títí ó sú mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Níbo ni?"

"Russ, tí mo bá sọ ọ́…"

"Tí o bá sọ ọ́, kí ni?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn lè rò lọ́kàn fún wákàtí kan, tí kò ní ṣeé gbé jáde lẹ́nu.

"Lábẹ́ Àgọ́ Larkspur," ó ní.

Russ wò ó. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń ké pe Jolene.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ibẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri ti já níbi tí ihò wà, ó tó ilé kan tó wó. Korobá aláwọ̀ ewé ń léfòó kiri. Corinne dùbúlẹ̀ gbalaja, amọ̀ bò ó láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, omi sì ti kọjá lójú rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó ti gbìyànjú. Ó ti fi asẹ́ kékeré tó fi ń sẹ́ iyanrìn wa amọ̀ títí asẹ́ náà fi tẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ wa á. Itan rẹ̀ kan ti fẹ́ẹ̀ bọ́ kúrò nínú amọ̀. Amọ̀ kún abẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀.

Wendell tiro dé ẹ̀yìn wọn. Bí àwọn panápaná ṣe ń wa ilẹ̀, Jolene ṣàdédé dúró. Apá kan ihò náà ṣì wà lára ògiri tó kù, ojú irin sì hàn lára rẹ̀, ó mọ́, ó tò tẹ̀ lé ara wọn. Igi tí omi wọ́ wá ṣì kì sínú rẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ ibí yìí, Mísítà Wendell?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹ ti débí rí?"

"Rárá."

Jolene wo ojú rẹ̀. Ó fa ìwé yọ, ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà sọ fún Wendell pé egungun ńlá kankan kò kán. Òtútù àti omi ló pa á, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin. Wendell kò bi í léèrè àkókò náà. Dókítà rò pé yóò tù ú nínú láti mọ̀ pé àárẹ̀ òtútù ti mú un sùn kí omi tó dé. Nígbà tí Corinne ṣì ń wa amọ̀, ènìyàn mọ́kànlá ń pe orúkọ rẹ̀ ní Brandt.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́rú. Ẹgbẹ́ mú òdòdó wá. Russ dìde sọ̀rọ̀, ó ní ojú Corinne ríran ju ti gbogbo àwọn lọ, ó sì sunkún tòótọ́. Wendell dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé, kò nu pátákó ara fíríìjì. Brandt. Agogo méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wa mọ́tò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò méje ló bá níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ti sọ ọ̀nà ọwọ́ òsì di ẹrẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kò sí aṣa-eyín tí kò mọ̀ pé ibi tí ògiri bá ti já ni eyín tuntun wà.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Russ wà nínú òkìtì amọ̀ náà, asẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ó rí Wendell, ó dìde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Wendell. A ò… A kàn ní ká wá wò ó ni. Omi á kó gbogbo rẹ̀ lọ náà ni tí a bá fi í sílẹ̀."

"Corinne náà ìbá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀," ẹnìkan sọ lẹ́yìn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dá lójú.

"Kò burú," Wendell ní. "Ẹ máa ṣe é lọ."

Ó rọra rìn kọjá láàrin wọn, ó ń tiro, títí ó fi dé ibi tí omi ti ń lá ẹsẹ̀ òkìtì náà. Àwọn yòókù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ dá dúró díẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ kú sí. Láàrin ìṣù amọ̀ méjì, níbi tí wọ́n ti wa ìbàdí Corinne jáde, etí ohun kan yọ, ó ní àwọ̀ eérú, ó fẹ́ jọ búlúù.

Wendell wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó tún okùn bàtà rẹ̀ so, ó dìde. Nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń wọn eyín náà láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó. Ó tóbi ju ti Corinne lọ.

"O rí nǹkan níbẹ̀?" Russ ké sí i.

"Rárá," Wendell ní. "Kò sí nǹkan níbí."